Òfìò, Ikàn àti Síkéèlì Onírin

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ni. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan ní ilé ìwòsàn: èmi, ọmọ mi obìnrin, àti nọ́ọ̀sì tó dúró ti síkéèlì. Mo bọ́ bàtà mi. Mo yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú àpò, mo kó wọn lé ọmọ mi lọ́wọ́. Mo gun orí síkéèlì.

Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà tó yọ. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tún gùn ún. Mo tún gùn ún.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún," ló wí.

Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni dókítà fẹ́. Kíndìnrín ọmọ mi méjèèjì ló ti kọṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí fún mi kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti yẹ ara mi wò, ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Dókítà ní òun lè yọ ọ̀kan nínú tèmi fún un, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ọ̀bẹ kan ẹni tó sanra tó mi. Ó ní kí n lọ dín ara kù. Tí mo bá ti dé kílò márùndínlọ́gọ́rùn-ún, òun á fún wa ní ọjọ́. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, kílò méjìléláàádọ́fà ni mo wà.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé síkéèlì rẹ̀ kò dáa. Mo ní Sátidé tó kọjá, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni mo wà.

"Níbo lẹ ti wọn ara yín, Daddy?"

Ọmọ mi ló dáhùn. "Owódé Onírin ni, nọ́ọ̀sì. Síkéèlì tí wọ́n fi ń ra àjákù irin ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rí ohun tó máa sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó wá bi mí pé kí ni mo fi ń ṣe ìpápánu. Mo sọ fún un láìtijú, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti gbégbá orókè. Mo ní n kò jẹ bọ́nsì mọ́. N kò jẹ pọ́fúpọ́fù mọ́. N kò fi ẹnu kan mínírà. Òfìò ni mo ń jẹ, àti dàbínù, àti kúlíkúlí díẹ̀. Mo sì ń mu òfìò lílọ̀ inú ìgò.

"Ìgò mélòó lójúmọ́?"

"Méjì. Tí oòrùn bá mú, mẹ́ta."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wọlé. "Ẹ wá gbọ́ ti Daddy yìí. Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ẹnì kejì náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ṣúgà," ló wí, "ẹ sá lọ bá a nínú ilé rẹ̀."

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní òun ti fi àyè kan sílẹ̀ fún wa nínú oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun máa fún àwọn mìíràn tó ti ṣe tán. Ọmọ mi bi í pé tí òun kò bá lè dúró di oṣù mẹ́ta ńkọ́. Dókítà yí bírò rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní kí a máa gbàdúrà.

Gíá mọ́tò ni mo ń tà ní Owódé Onírin. Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń mú ènìyàn dìde. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí oníbàárà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wá bi mí bóyá mo ní irú èyí tó mú dání. Oúnjẹ gidi kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ìyàwó mi ti kú, ọmọ mi kì í lè dúró pẹ́ ní ìdí iná. Ìpápánu ló sọ mí di ràbàtà. Obìnrin kan ń dín pọ́fúpọ́fù àti bọ́nsì ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi. Bí epo rẹ̀ bá ti gbóná, mo ti mọ̀. Bí mo bá jẹ mẹ́rin ní òwúrọ̀, mo máa jẹ mẹ́fà lọ́sàn-án, mo máa fi mínírà tútù tì í. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ìgbà tí mo ṣíwọ́ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí.

Obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ti sọ ohun tí mo lè máa jẹ fún mi: ikàn, kùkúḿbà, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀pà sísè ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹyin sísè kan. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikàn. Mo rà á ní Mile 12 bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo fi omi fọ̀ ọ́, mo kó o sínú ọ̀rá, mo gbé e ka orí itan mi. Nígbà tí òórùn pọ́fúpọ́fù bá dé, mo máa bu ikàn kan jẹ.

"Kí lẹ ń jẹ un, Daddy?" Obìnrin pọ́fúpọ́fù ló bi mí.

"Ikàn."

"Ikàn láìsí ẹ̀pà lílọ̀? Láìsí nǹkan kan? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ẹni tó ń ra àjákù irin ló wà ní ọ̀tún mi. Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ ni, Alhaji ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ti ibi tó jókòó sí pariwo: "Ẹ bá mi wá okùn kí a so wọ́n mọ́ òpó. Ewúrẹ́ ni wọ́n ti dà."

"Ewúrẹ́ kọ́," obìnrin náà wí. "Ọkọ ìyàwó ni wọ́n. Ìyàwó tuntun ló ní kí wọ́n gé ikùn kúrò kí wọ́n tó wọlé."

Láti ọjọ́ náà, Ọkọ Ìyàwó ni orúkọ mi ní ìlà wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbọ́ ọ, àwọn oníbàárà gbọ́ ọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ mi ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ inú ilé mi kì í dé Owódé. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù padà ni wọ́n tó mọ̀, nítorí pé mo fá orí.

Ọjọ́ kan Alhaji ra pọ́fúpọ́fù gbígbóná, ó wá gbé e ka orí gíá tó wà níwájú mi. Ó padà lọ jókòó, ó ń wò mí. Gbogbo ìlà ń wò mí. N kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó tutù, Alhaji wá gbé e, ó jẹ ẹ́ lójú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń lá ìka. "Ìyàwó náà á dùn o," ló wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obìnrin pọ́fúpọ́fù fi jókòó sílẹ̀.

Ikàn kò lè pa ebi mi. Kó tó di aago mẹ́rin, mo ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ebi ṣì ń pa mí. Alhaji ló sọ fún mi nípa òfìò. Ó ní òfìò kò lépo, kò ní nǹkan kan nínú, oúnjẹ alágbára ni. Ó ní dàbínù náà, èso ni, èso kì í mú ènìyàn sanra. Ó bá ọgbọ́n mi mu. Lójú mi, nǹkan tí wọ́n bá fi epo dín ló ń mú ènìyàn sanra. Òfìò kò rí iná rí. Mo rò pé ibi tó tọ́ ni mo ń lọ. Mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi yìnyín sí ni mo fi ń sùn lálẹ́.

Àìsàn kíndìnrín kò jẹ́ kí ọmọ mi lè jẹ dàbínù. Kò lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kò lè mu àgbọn, wọ́n ń wọn omi fún un nínú ife. Ó máa ń jókòó sí pálọ̀, á máa wo ẹnu mi.

"Daddy, ẹ dúpẹ́ pé èmi ni mo ń kú," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ kì bá tí rí àwáwí jẹ dàbínù tó báyìí."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn látìgbà tí àìsàn náà ti dé. Mo gbé abọ́ náà lọ sí yàrá mi.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti ń jẹ òfìò, mo fẹ́ mọ ibi tí mo dé. Ilé ìwòsàn jìnnà. Síkéèlì pẹrẹsẹ tí Alhaji fi ń wọn irin wà níbi ẹsẹ̀ mi. Àwọn tó ń ṣa irin kiri á kó àpò wọn lé e, nọ́ńbà pupa á jáde, Alhaji á sanwó. Mo ní kó jẹ́ kí n gùn ún.

"Ṣé mo máa ra yín ni?" ó bi mí. Ó pe gbogbo ìlà jọ. Mo gùn ún. Ọgọ́rùn-ún kílò.

Kílò méjìlá ti lọ. N kò gbàgbọ́, mo sì gbàgbọ́. Mo ti ń hu irùngbọ̀n kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké kọ́ ìṣirò, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá fi nọ́ńbà sọ, mo máa ń gbà á.

"Ẹ ń yọ́ o, Daddy!" Alhaji kígbe. "Ẹ dẹwọ́, iye tí mo lè rà yín ti ń wálẹ̀."

Gbogbo Sátidé ni mo ń gùn ún láti ìgbà náà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù á dúró yí mi ká. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí kò bá lọ, wọ́n á ní ìyàwó ti kọ̀ mí. N kò kà á sí. Mo ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó di mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, mo lọ sílé, mo sọ fún ọmọ mi pé a lè lọ gba ọjọ́. Ó wo ara mi. Ó ní kí n fi bẹ́líìtì mi han òun. Mo fi hàn án. Ihò kan péré ni mo fi sún un wọlé.

"Ihò kan," ló wí. Ó fẹ́ gbàgbọ́ bíi tèmi.

Mo mọ̀ pé síkéèlì Alhaji ń jalè. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Owódé. Ẹni tó bá ń ra irin, síkéèlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó lé e. Mo mọ̀ pé ó ń jí irin. N kò rò ó pé á jí mi.

Nígbà tí a kúrò ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, mo sọ fún awakọ̀ pé Ìkòsí la ń lọ, ilé wa. Ọmọ mi ní rárá. Ó ní kó gbé wa lọ sí Owódé Onírin.

Aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Ó rìn gba ìlà náà kọjá pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaji dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ara mi."

Inú Alhaji dùn. "Ọmọ Ọkọ Ìyàwó! Ìwọ náà fẹ́ fọ́n ni? Kí ló kù lára rẹ? Jẹun, ọmọ mi, ọkùnrin kì í fẹ́ pákó." Obìnrin pọ́fúpọ́fù ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ọmọ mi gun síkéèlì. Mẹ́rìndínláàádọ́ta.

"Nílé ìwòsàn láàárọ̀ yìí, mọ́kànléláàádọ́ta ni mí," ló wí. "Kílò márùn-ún. Uncle, níbo lẹ kó o sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí àwọn méjì tó kó irin wá wà ní ìdúró, wọ́n sì gbọ́.

"Síkéèlì ọjà nìyẹn, ọmọ mi. Kì í ṣe ti dókítà."

"Ẹ mọ̀ pé kò pé nígbà tí bàbá mi ń gùn ún?"

"Ta ni kò mọ̀? Bàbá rẹ náà mọ̀. Inú wọn ń dùn, mo ní kí n má bà á jẹ́ fún wọn. Kí ló wà níbẹ̀? Ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fẹ́, wọn kì í ṣe ẹrù ọkọ̀ òfurufú."

"Kò síyàwó," ọmọ mi wí. "Kíndìnrín kan ni wọ́n fẹ́ yọ fún mi. Dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ́n. Lónìí ni à bá gba ọjọ́. Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn."

Kò sọkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kà á síta láti inú ìwé. A ń gbọ́ epo tó ń hó nínú agbada.

Obìnrin pọ́fúpọ́fù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ló sì bá wí. "Daddy. Ẹ̀yin náà ò sọ fún wa. Ẹ jókòó síbí pẹ̀lú wa lójoojúmọ́. A ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ń wò wá."

Ó fi bébà we pọ́fúpọ́fù mẹ́rin, ó fi lé ọmọ mi lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á. Ọmọ mi gbà á. Kò lè jẹ ẹ́. Ó dì í mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kó irin wá kò dúró mọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí síkéèlì. "Alhaji, kíndìnrín yín méjì pé, àbí? Ẹ yọ ọ̀kan níbẹ̀, ẹ fi dí kílò márùn-ún náà."

"Jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi!" Alhaji pariwo. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Daddy, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọjà." Mo mọ ọjà. Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, a lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo da òfìò tó kù nù. Mo da dàbínù nù. Mo kó ikàn jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sínú abọ́, kí n ṣáà lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Ọmọ mi jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn.

"Ìyá mi rọ́nà," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn, ó ti tán. Èmi, oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún máa sọ fún mi pé oṣù mẹ́ta."

Mo ní n kò ní jẹ nǹkan kan mọ́ àfi ikàn àti omi.

"Daddy, kì í ṣe ẹnu yín nìkan. Ìdí yín ni. Ẹ jókòó, ẹ ń jẹ ìjẹkújẹ. Ẹ ò jẹ ẹ́ mọ́, ẹ tún jókòó, ẹ ń jẹ ewé. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ń wọ̀n yín bí irin. Ṣé ẹ máa jókòó títí mo fi máa kú ni?"

Mo gé ikàn náà tán. Mo bù ún fún un, ó jẹ díẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ sí Owódé. Mo wọ ṣòkòtò tí mo fi máa ń tú gíá. Mo ká aṣọ àlòkù kan ṣe òṣùká. Mo lọ sí Mile 12, síbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já tòmátò, mo dúró sáàárín àwọn alábàárù. Kò sẹ́ni tó pè mí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà obìnrin kan tó ra apẹ̀rẹ̀ méjì yà sọ́dọ̀ mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Baba, ṣé ẹ máa lè gbé e ṣá?"

"Ẹ fi Baba sílẹ̀, Mummy," alábàárù kan wí lẹ́yìn mi. "Ikùn tí wọ́n gbé wá látilé gan-an ti tó ẹrù."

Mo fi òṣùká sórí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e rù mí.